Ilé Tuntun: Ṣé Afínlé Ni Ká Pè, Àbí Bíríkìlà?

Ọ̀rọ̀ ilé ni akọ̀wé yín fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, torí púpọ̀ nínú wa ló ń kó kiri. Lańlọ́ọ̀dù fi owó kún owó ilé ẹlòmíràn ló ṣe kó jáde, Ọlọ́run sì ti bá ẹlòmíràn parí ilé tirẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kì í tíì pẹ́ lọ́wọ́ wa tí àwọn ọmọ á fi ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká pe àwọn fumigéṣọ̀n wá fín ilé yìí ká tó kó ẹrù wọlé o." Àwọn tí wọ́n ń wí yẹn ni èmi ń pè ní afínlé, àwọn tó ń gbé páńpù kọ́ ẹ̀yìn tí wọ́n ń fín oògùn kòkòrò káàkiri ilé. Owó kékeré kọ́ ni wọ́n ń gbà. Iye tí wọ́n máa dá lé ilé oníyàrá mẹ́ta, ẹlòmíràn nínú wa lè fi ra ẹrù ọ̀sẹ̀ kan.

Mi ò sọ pé kí ẹ má pè wọ́n. Ohun tí mo ń sọ ni pé ká kọ́kọ́ mọ ẹ̀dá tó wà nínú ilé náà, ká mọ ohun tó ń jẹ àti ibi tó ń gbà wọlé, ká tó yọ owó. Ẹ̀dá kan wà tí afínlé kò lè ṣe nǹkan kan sí. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé bí ẹ ò bá pe ẹni tó mọṣẹ́, ẹ kàn ń da owó oògùn sínú gọ́tà ni.

Arábìnrin wa kan tó ń ta ẹja gbígbẹ kó lọ sí ilé kan tó fani mọ́ra. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni, táìsì ń dán gbinrin. Alẹ́ ọjọ́ kejì ni eku bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lókè àjà bí ẹni ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó pe afínlé, wọ́n fín gbogbo ilé, ó sanwó. Eku ò lọ. Ìgbà tí bíríkìlà wá tún tọ́lẹ́ẹ̀tì ṣe ló rí ihò kan lẹ́yìn páìpù, ihò tí ọwọ́ lè wọ̀. Sìmẹ́ǹtì díẹ̀ àti àfọ́kù ìgò ni wọ́n fi dí i, ọ̀rọ̀ sì tán. Afínlé yẹn ò jalè o. Oògùn kòkòrò ló fín, eku kì í sì í ṣe kòkòrò. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu kó tó gbé páńpù.

Kí ẹ tó san owó ilé ló dáa láti wo ilé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ lọ lẹ́ẹ̀méjì: ẹ lọ lọ́sàn-án, kí ẹ tún padà lọ nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Òru ni aáyán àti eku ń náwó tiwọn. Bí ẹ bá rí aáyán tó ń rìn kiri lọ́sàn-án gangan, ẹ mọ̀ pé ibi tí wọ́n ń sá pamọ́ sí ti kún ni. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, ẹ tan iná sí abẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Ẹ wo òkè àjà bóyá àpá ìtọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ wo ìgbẹ́ eku dáadáa: èyí tó dúdú tó sì ń dán, ti àná tàbí ìjẹta ni, èyí tó ti gbẹ tó ti hewú, ó lè jẹ́ pé eku ibẹ̀ ti lọ tipẹ́. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kan férémù ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Bó bá dún bí igbá òfìfo, ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán, ọ̀dà ló kù tó gbé e dúró. Kí ẹ sì bi àwọn ará ilé kejì. Ẹ má da ara yín láàmú láti bi lańlọ́ọ̀dù tàbí ẹ́jẹ́ǹtì. Èwo nínú wa ló ń pariwo lọ́jà pé ọjà òun ti bà?

Orí eku ni mo fẹ́ dúró sí jù, torí pé àwa la ń ta oúnjẹ, àwa la sì ń kó oúnjẹ tó kù lálẹ́ wá sílé. Ẹ ti gbọ́ nípa ibà Lassa. Ìlú Lassa, ní apá ibi tí à ń pè ní ìpínlẹ̀ Borno lónìí, ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní ọdún 1969, ibẹ̀ ló sì ti gba orúkọ. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òkè ọya ni. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tó ti ń jà jù ní Nàìjíríà, ọsibítù ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ sì ti tọ́jú ọ̀pọ̀ ènìyàn tó kó o. Irú eku kan tó ń wọlé wá bá wa jẹun ló ń gbé e. Inú ìtọ̀ rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló wà. Bó bá tọ̀ sórí gàrí tí a sá sí ẹ̀bá títì, tàbí ó gun abọ́ tí a ò dojú rẹ̀ dé, ó parí. Bí ibà lásán ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀: ara gbígbóná, orí fífọ́, ọ̀nà ọ̀fun dídùn. Ẹni tó ti lo oògùn ibà tí ara ò yá, kó tètè lọ sí ọsibítù, kó má jókòó ti àgbo, torí bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ jù.

Nítorí náà, bí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ rí ìgbẹ́ eku, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ. Eruku rẹ̀ á fò wọ imú yín. Ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí atẹ́gùn wọlé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, bí kò bá sí, ẹ fi ọ̀rá tí kò lu bọ ọwọ́. Ẹ mú bílíìṣì, irú Jik tàbí Hypo tí à ń fi fọ aṣọ funfun, ife kan sí ife omi mẹ́sàn-án, ẹ rọra dà á lé e lórí kó rẹ gbingbin, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó fi àkísà kó o, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ sì fi omi yẹn kan náà nu ilẹ̀. Ẹ má ṣe da Izal tàbí oògùn ìfọlẹ̀ mìíràn mọ́ bílíìṣì o, òórùn tó ń jáde níbẹ̀ ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró níjàǹbá.

Ó wá ku bí eku ṣe máa lọ. Iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà ni, mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Èlírí, eku kékeré yẹn, ihò tí pẹ́ńsù bá ti lè wọ̀ tó o. Ẹ yí gbogbo ilé po: ibi tí páìpù ti wọ ògiri, abẹ́ ilẹ̀kùn, ibi tí páànù ti pàdé ògiri, ojú ihò omi. Sìmẹ́ǹtì àti àfọ́kù ìgò ni kí ẹ fi dí èyí tó tóbi, kí ẹ ki irin ìfọkòkò bọ èyí tó kéré kí ẹ tó fi sìmẹ́ǹtì lé e, kí ẹ kan nẹ́ẹ̀tì onírin mọ́ ojú ihò atẹ́gùn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dẹ pàkúté fún èyí tí ẹ ti há mọ́ inú ilé. Èmi ò fẹ́ràn májèlé eku nínú ilé tí ọmọ wà. Ọmọ á gbé e sẹ́nu, adìyẹ á ṣà á jẹ, eku tó bá sì jẹ ẹ́ á lọ kú sókè àjà, òórùn á lé yín síta.

Ibì kan ṣoṣo tí mo ti gbà pé kí ẹ wá ẹni tó mọṣẹ́ nítorí eku ni ilé oníyàrá púpọ̀, àwọn tó kọjú síra, tí àjà kan ṣoṣo bo gbogbo wọn. Bí ẹ bá lé e ní yàrá tiyín, ó kàn gba òkè lọ sí yàrá Màmá Bọ̀dá lódì kejì, ó sì ń bọ̀ wá kí yín lọ́la ni. Irú ibẹ̀, gbogbo ayálégbé ló gbọ́dọ̀ dáwó pọ̀, kí wọ́n ṣe é lọ́jọ́ kan náà. Ẹ tún lè lọ bá àwọn wolé-wolé ní káńsù. Àwọn ìyá wa àgbà ń bẹ̀rù wolé-wolé, ó sì ní ìdí rẹ̀: ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eegbọn ara eku ń gbé kiri jà ní Èkó, ó pa èèyàn.

Ìdun wá ńkọ́? Ojú ń ti àwọn èèyàn láti dárúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdun ò mọ olówó, kò mọ ọ̀lẹ. Ẹni tó wà ní mímọ́ ń ní ìdun. Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ó lè gbé ọ̀pọ̀ oṣù láìmu ẹ̀jẹ̀. Ilé tó ti ṣófo fún oṣù mẹ́ta, ìdun lè wà nínú ògiri rẹ̀ tó ń retí yín. Bí ẹni tó jáde bá fi bẹ́ẹ̀dì onígi tàbí àga sílẹ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo oríkèé igi rẹ̀ àti ojú ìrán rẹ̀. Àmì dúdú tótòtó bí ẹni fi bírò tọ́ ọ, òun nìyẹn. Ẹ dá a padà, kí ẹ dúpẹ́.

Bó bá jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì kan ni wọ́n wà, ẹ lè ṣe é fúnra yín. Omi tó ń hó ni kí ẹ dà sí oríkèé igi bẹ́ẹ̀dì náà níta gbangba. Ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ, ẹ sá a sí oòrùn, kí ẹ lọ̀ ọ́. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, nítorí ẹyin wọn á ti pa nígbà yẹn. Ẹ má da kẹrosíìnì sí fóòmù o. Iná àbẹ́là kan ti tó láti jó ilé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí wọn nínú lílà ògiri, nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì iná, ní yàrá tó ju ẹyọ kan lọ, ẹ dákun, ẹ pe afínlé. Oògùn inú agolo tí à ń rà lọ́jà kì í ran ọ̀pọ̀ ìdun ayé ìsinsìnyí mọ́, ṣe ló máa tú wọn ká lọ sí yàrá tó kù. Ẹ̀yin tó ń lọ ra ọjà lókè, tí ẹ ń sun ilé àlejò, ẹ máa gbọn báàgì yín síta kí ẹ tó gbé e wọ yàrá. Ọ̀nà tó ń gbà wọlé nìyẹn.

Ikán ni ẹlẹ́ẹ̀kejì tí mi ò ní sọ pé kí ẹ ṣe fúnra yín. Ọ̀nà amọ̀ tóóró tó gun ara ògiri ni ẹ máa fi mọ̀ ọ́n, tàbí kí ikán abìyẹ́ máa tú jáde nínú ilé lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Ẹ fọ́ díẹ̀ nínú ọ̀nà amọ̀ náà, kí ẹ padà wá wò ó lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Bí wọ́n bá ti tún un mọ, wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tí ẹ ń rí lára igi, òṣìṣẹ́ lásán ni. Ìyá wọn wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, ó ń yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin lójúmọ́. Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n yọ nínú mọ́tò, tí àwọn káfíńtà ń kùn sí igi, kì í dé ọ̀dọ̀ ìyá yẹn, bẹ́ẹ̀ ó lè ba omi kànga jẹ́. Ẹni tó mọṣẹ́ máa lu ihò yí ìpìlẹ̀ ilé ká, á sì fa oògùn sínú ilẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kọ́lé lọ́wọ́, kí wọ́n tó da ilẹ̀ ìsàlẹ̀ tí àwọn bíríkìlà ń pè ní German floor ni kí ẹ pè é wá. Ìgbà yẹn ló rọrùn jù, òun ló sì pọ́n jù nínú gbogbo owó afínlé tí mo mọ̀. Bí kànga bá wà nínú ọgbà, ẹ sọ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀.

Aáyán ò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gba omi lọ́wọ́ rẹ̀: kí abọ́ má sùn láìfọ̀, kí páìpù má máa kán tótó. Àwa ọlọ́jà tún ní ẹjọ́ tiwa, páálí. Páálí tí à ń kó láti ọjà wá sílé, inú rẹ̀ ni aáyán ń yé ẹyin sí. Ẹ tú ẹrù níta, kí ẹ fi páálí sílẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá pọ̀ jù tí ẹ fi pe afínlé, kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nítorí oògùn kì í wọ inú àpò tí ẹyin aáyán wà.

Ẹ̀fọn kò yẹ fún owó afínlé rárá. Bí ẹ bá fín ti òní, ti ọ̀la á fò wọlé. Ẹ da gbogbo omi tó dúró nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ bo dúrọ́ọ̀mù, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì so ẹnu páìpù sọ́kàwéè, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì sórí ibùsùn. Ọmọnílé ara ògiri, ẹ fi sílẹ̀, kòkòrò ló ń bá yín jẹ.

Mo ń bọ̀ sórí ohun tó mú mi kọ ìwé yìí gan-an. Nígbà tí owó afínlé bá wọ́n jù, òtápíápíá là ń sáré sí. Púpọ̀ nínú rẹ̀, oògùn dichlorvos ló wà níbẹ̀, òun kan náà ló wà nínú ìgò Sniper. Oògùn oko ni. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC ti fi òfin de títa ìgò rẹ̀ kékeré, 100ml wálẹ̀, ní ọjà àti súpámákẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fín in sí yàrá, tó ti fèrèsé pa, tó sì sùn síbẹ̀, ó lè má jí. Ẹni tó ń wọ́n ọn sí ẹ̀wà kí kòkòrò má jẹ ẹ́, májèlé ló ń tà fún oníbàárà, NAFDAC sì ti kìlọ̀ rẹ̀. Èyí tó tún burú jù ú lọ ni hóró oògùn tí wọ́n ń jù sínú àká àgbàdo. Bí ọ̀rinrin bá ti kàn án, èéfín tó ń tú jáde ń pani, kò sì sí oògùn tó ń rọ̀ ọ́. Wọ́n ń tà á fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún eku tàbí ìdun. Èéfín yẹn ń gba ara ògiri lọ bá ọmọ tó sùn sí yàrá kejì. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé e wá sínú ilé tí èèyàn ń gbé, ì báà wọ aṣọ afínlé, ẹ lé e jáde.

Ẹ ó mọ afínlé gidi. Ó máa wo ilé kó tó dá iye. Ó máa bi yín bóyá aboyún, ọmọ ọwọ́ tàbí ẹni tí èémí ń dá láàmú wà nílé. Orúkọ oògùn àti nọ́ńbà NAFDAC á wà lára agolo rẹ̀, á sì jẹ́ kí ẹ kà á, tàbí kí ọmọ yín bá yín kà á. Á bo imú tirẹ̀. Èyí tó po oògùn sínú ìgò omi tí kò ní lébẹ̀lì, tó ní fífín kan ti tó títí ayé, ẹ mọ irú ẹni tó jẹ́, irú rẹ̀ ń ta agbo lọ́jà wa náà. Ẹ ná an bí ẹ ṣe ń ná ọjà, kí ẹ san ìlàjì, kí ìlàjì dúró de ìgbà tó bá padà wá lẹ́ẹ̀kejì.

Kí ẹ sì tó yọ owó ti ara yín, ẹ bi ara yín pé ta ló ni ín? Ikán inú òrùlé, ihò ara ògiri, sọ́kàwéè tó lanu, ẹrù lańlọ́ọ̀dù ni. Òfin ilé gbígbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 fi àtúnṣe ìta ilé àti ibi tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò sọ́rùn onílé, àyàfi bí ìwé àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn. Nítorí náà, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ìwé àdéhùn yẹn sí yín létí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun á pa ikán. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í pẹ́ di ìjà.

Bó bá wá di ọjọ́ fífín, ọjọ́ tí ẹrù ò tíì wọlé ló dáa jù. Bí ẹrù bá ti wọlé, ẹ kó oúnjẹ, abọ́ àti omi mímu jáde, ẹ gbé adìyẹ kúrò nítòsí. Gbogbo yín ẹ lọ sí ọjà, kí ẹ má padà kí wákàtí tí afínlé bá dá fún yín tó pé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé, kó ṣí gbogbo fèrèsé, kó tún jáde síta fún nǹkan bí wákàtí kan, kí àwọn ọmọ tó wọlé. Ẹ nu orí tábìlì àti ibi tí ẹ ti ń gé ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fọ etí ògiri, ibẹ̀ ni oògùn ti ń ṣiṣẹ́. Kí ẹ sì kọ ọjọ́ tó ní òun ń padà bọ̀ sára kàlẹ́ńdà.